Bí A Ṣe Ń Kọ Ìtàn Àròsọ Tí Ojú Asọ̀tàn Ń Tàn Án Jẹ, Láìrẹ́ Òǹkàwé Jẹ

Iṣẹ́ kan wà tó ti dá ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé padà ní ìdajì ọ̀nà: kíkọ ìtàn nípa ẹni tí nǹkan kan gbà lọ́kàn débi pé kò mọ ìyàtọ̀ mọ́ láàárín ohun tó rí àti ohun tó rò. Orí mẹ́ta àkọ́kọ́ a máa dùn, ara òǹkàwé á sì máa fu. Nígbà tó bá di àárín ìwé, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ́, òǹkọ̀wé pàápàá kò mọ̀. Ló bá di dandan kí ẹnì kan ta jí lójú oorun, tàbí kí dókítà kan wọlé wá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ lójú ìwé méjì. Òǹkàwé á pa ìwé dé, á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Òótọ́ ló sì sọ.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa irú ìtàn yìí ni pé asọ̀tàn lè ṣìnà, ó lè parọ́, ojú rẹ̀ lè tàn án, ṣùgbọ́n ìwé náà kò gbọdọ̀ parọ́. Ẹni tó bá kà á tán tó padà sí ojú ìwé kìíní gbọ́dọ̀ bá òtítọ́ níbẹ̀, ní gbangba, níbi tó ti wà látìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ìwé àkọsílẹ̀ méjì: ọ̀kan fún òtítọ́, ọ̀kan fún ìtàn. Ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀ sínú ẹyọ kan.

Kàlẹ́ńdà àwọn oṣù tí ìtàn fi ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú àyè láti kọ wákàtí sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Pẹ́ńsù aláwọ̀ méjì, pupa àti búlúù.

Òǹkàwé mẹ́ta tí kò tíì gbọ́ nǹkan kan nípa ìtàn náà lẹ́nu yín. Èyí ṣòro ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí ẹnu wa kì í gbé jẹ́ẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá ń dùn mọ́ wa. Ẹ yan àwọn mẹ́ta náà nísinsìnyí, kí ẹ sì yé bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ìwé yín.

1. Ẹ kọ òtítọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó kọ ìtàn

Ìlànà arínúróde ni kí ẹ fi kọ ìwé òtítọ́: ẹ sọ ohun tí olúkúlùkù ṣe, ohun tó mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀, láìdásí ti ẹnikẹ́ni. Kò ní láti dùn, ẹnikẹ́ni ò ní kà á. Ojú ìwé mẹ́wàá lè tó.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan tí a ó máa gbé lọ. Fọlákẹ́ ń tún àwòrán àtijọ́ ṣe lórí kọ̀ǹpútà nínú ilé rẹ̀. Obìnrin kan kó wá sí yàrá òkè. Kò pẹ́, Fọlákẹ́ gbà pé obìnrin òkè ń sín òun jẹ: ó gé irun bíi tòun, ó ń wúkọ́ bíi tòun, ó ń ti ilẹ̀kùn bí òun ṣe ń tì í, ó sì ń múra láti gba ipò òun láyé. Bí Fọlákẹ́ ṣe máa sọ ọ́ nìyẹn. Nínú ìwé òtítọ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Obìnrin òkè ń ṣiṣẹ́ òru, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ Fọlákẹ́ rárá. Ọjọ́ kẹta oṣù ló kó dé, irun rẹ̀ ti wà ní gígé nígbà náà. Ọjọ́ kẹsàn-án ni Fọlákẹ́ gé tirẹ̀. Ta ló wá ń sín ta jẹ?

Ọjọ́ mẹ́fà yẹn ni gbogbo ìwé náà dúró lé. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe máa gbìn ín sínú ìtàn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á ní, “Bí mo bá ṣe ń kọ ọ́ lọ ni màá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.” Fún irú ìtàn mìíràn, ìyẹn lè ṣiṣẹ́. Níbí, yóò bà á jẹ́. Àwọn mìíràn á ní àwọn fẹ́ kí òǹkàwé má lè pinnu ní ìparí. Ó dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yín di ìlọ́po méjì: ẹ gbọ́dọ̀ kọ ìwé òtítọ́ méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, kí gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìtàn sì bá méjèèjì mu. Ìtàn tó gba ìtumọ̀ méjì yàtọ̀ pátápátá sí ìtàn tí kò ní ìtumọ̀ kankan.

Àyẹ̀wò: ẹ pa ìwé òtítọ́ dé, kí ẹ mú ọjọ́ márùn-ún lórí kàlẹ́ńdà láìyàn. Bí ẹ bá lè sọ ibi tí ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan wà ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹ lè tẹ̀ síwájú.

2. Ẹ wá ohun tí ọkàn rẹ̀ ń wá

Àwọn àgbà ní ohun tójú ń wá lojú ń rí. Bí ẹ kò bá mọ ohun tí asọ̀tàn ń wá, gbogbo ohun tó bá ṣì rí yóò dà bí ẹ̀tàn òǹkọ̀wé lásán. Ẹ kọ ọ́ sí gbólóhùn kan ṣoṣo. Fún Fọlákẹ́: “Ó fẹ́ kí ẹnì kan rí i pé òun ṣe pàtàkì tó ẹni tí wọ́n lè jí gbé wọ̀.” Ẹ kíyè sí i pé ìbẹ̀rù ló wà lókè, ìfẹ́ ló wà nísàlẹ̀. Ó ń bẹ̀rù olè, síbẹ̀ ohun tó dùn ún jù lọ ni pé kò sẹ́ni tó kà á sí ẹrù tó yẹ ní jíjí.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ àìsàn. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé a sáré mú un láti fi dípò ìdí. Àwọn ipò ọkàn kan wà lóòótọ́ tí àwọn dókítà ti kọ nípa wọn tipẹ́. Èyí tí wọ́n fi orúkọ Joseph Capgras pè, tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1923, a máa mú kí ènìyàn gbà pé wọ́n ti pààrọ̀ ìbátan òun pẹ̀lú ẹni tó jọ ọ́. Èyí tí wọ́n fi orúkọ de Clérambault pè, láti 1921, a máa mú un gbà pé ẹnì kan, tó sábà máa ń jẹ́ ẹni ńlá, ń fẹ́ òun ní ìkọ̀kọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo irú wọn, ẹ mọ bí wọ́n ṣe rí lára ẹni tó ń ṣe. Ẹni ti Capgras kì í sọ pé, “Èmi ò mọ obìnrin yìí.” Yóò sọ pé, “Ojú ìyàwó mi ni, imú rẹ̀ ni, àpá rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun kọ́.” Ojú mọ̀ ọ́n, ara kò mọ̀ ọ́n. Ẹni ti de Clérambault, bí wọ́n bá lé e, yóò ka lílé náà sí àmì ìfẹ́ tí ẹni yẹn kò lè sọ ní gbangba. Irú kúlẹ̀kúlẹ̀ báyìí ló ń mú ìtàn láàyè. Orúkọ àìsàn lásán kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì fi àìsàn ọkàn ṣe ìdí tí ènìyàn fi di apànìyàn. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń bá irú àìsàn bẹ́ẹ̀ yí kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, wọ́n sì ń ru ẹrù àbùkù tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti dì lé wọn lórí.

Àyẹ̀wò: ẹ ka gbólóhùn yín fún ara yín. Bí òǹkàwé tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá bá lè sọ pé, “Èmi náà ti fẹ́ irú èyí rí,” ẹ ti rí i.

3. Ẹ yan ọ̀nà tí ojú rẹ̀ yóò gbà ṣìnà

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí jù. Ọ̀nà tí ojú ń gbà ṣìnà kì í ṣe ohun kan náà nígbà gbogbo. Ojú lè má rí ohun tó wà níwájú rẹ̀, ó sì lè rí ohun tí kò sí. Ìrántí lè yí padà lẹ́yìn tí ojú ti rí dáadáa. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, asọ̀tàn yóò dà bí ẹni tó mutí yó, òǹkàwé kò sì ní gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ kankan gbọ́ mọ́. Ẹ mú méjì péré.

Àkọ́kọ́ ni àìrí. Ní 1999, Daniel Simons àti Christopher Chabris, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, ní kí àwọn ènìyàn wo fíìmù kan, kí wọ́n ka iye ìgbà tí àwọn tó wọ aṣọ funfun ju bọ́ọ̀lù síra wọn. Láàárín eré náà, ẹnì kan tó wọ aṣọ inàkí rìn wọ àárín wọn, ó gbá àyà rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nǹkan bí ìdajì àwọn òǹwòran kò rí i rárá. Ojú wọn kò fọ́, iṣẹ́ mìíràn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà yìí bá ẹni tí nǹkan gbà lọ́kàn mu gan-an. Fọlákẹ́ ń ka ìṣísẹ̀ obìnrin òkè láti àárọ̀ dalẹ́, kò wá rí i pé àwọn oníbàárà òun ti yé pe òun. Ẹ jẹ́ kí fóònù tí kò dún wà nínú ìtàn, kí Fọlákẹ́ má mẹ́nu kàn án. Òǹkàwé yóò gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀.

Ìkejì ni ìrántí tí ọ̀rọ̀ ń tún kọ. Ní 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer, àwọn náà jẹ́ onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, fi fíìmù ọkọ̀ tó forí sọ ara wọn han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n bi àwọn kan nípa bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó nígbà tí wọ́n “fọ́ ara wọn túútúú”, wọ́n bi àwọn mìíràn nípa ìgbà tí wọ́n “kọlu ara wọn”. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n bi gbogbo wọn bóyá wọ́n rí gíláàsì tó fọ́. Kò sí gíláàsì kankan tó fọ́ nínú fíìmù náà. Nínú 50 tó gbọ́ ọ̀rọ̀ líle, 16 ní àwọn rí i. Nínú 50 tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó rọ̀, 7 péré ni. Ohun tí èyí fún òǹkọ̀wé ni pé ẹ lè sọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìwé, kí ọ̀rọ̀ ìṣe máa le sí i. Ní orí kejì, obìnrin òkè “fara kan” Fọlákẹ́ lórí àtẹ̀gùn. Ní orí karùn-ún, ó “tì” í. Ní orí kẹsàn-án, ó “taari” rẹ̀, ọwọ́ Fọlákẹ́ sì ti ní àpá tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ẹ má sọ fún òǹkàwé pé nǹkan ti yí padà.

Ìkẹta ni àìsùn. Ní San Diego, láàárín ìparí 1963 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1964, ọ̀dọ́mọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 17 wà lójúfò fún wákàtí 264 nítorí ìdíje ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ti ń rí àmì ojú ọ̀nà bí ènìyàn. Bí ẹ bá mú ọ̀nà yìí, ẹ ṣírò wákàtí oorun asọ̀tàn lórí kàlẹ́ńdà. Ẹni tó sùn dáadáa lánàá kò lè máa rí òjìji lónìí.

Ìkẹrin ni dígí, èyí tí gbogbo ayé ń sáré lò tí ó sì ti di àlòkù. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lò ó, ẹ lò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Giovanni Caputo, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, ní kí 50 ènìyàn jókòó síwájú dígí nínú iyàrá tí iná rẹ̀ ṣú fún ìṣẹ́jú 10. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 2010, ó ròyìn pé ìdá 66 nínú 100 rí ojú ara wọn tó yí padà gidigidi, ìdá 28 sì rí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Ènìyàn bí èmi àti ẹ̀yin ni wọ́n. Nítorí náà, ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀, kí ojú dígí máa yí díẹ̀díẹ̀. Dígí tó bá yí padà lójú kan náà nínú iná tó mọ́lẹ̀ kedere, òǹkọ̀wé ló yí i.

Àyẹ̀wò: ẹ to gbogbo àṣìṣe ojú asọ̀tàn sílẹ̀. Ṣé gbogbo wọn ń fì sí ìhà kan náà, ìhà ohun tí ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ kejì? Èyí tí kò bá fì síbẹ̀, ẹ yọ ọ́, bó ti wù kó dùn tó.

4. Ẹ fi òtítọ́ sí ojú ọ̀nà

Òfin tí mo rọ̀ mọ́ níbí kò ju ọ̀kan lọ: asọ̀tàn lè ṣi ọ̀rọ̀ ẹlòmíì túmọ̀, ṣùgbọ́n kó sọ ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì ni ibi tí òtítọ́ ti máa ń rọrùn láti gbà wọlé jù, nítorí ohùn ẹlòmíì kì í ṣe ohùn asọ̀tàn. Ẹ wo èyí tí kò dára:

*Mo pàdé obìnrin òkè lórí àtẹ̀gùn. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀mí mi. Ẹ̀rù bà mí.*

Kò sí nǹkan tí òǹkàwé lè dì mú níbẹ̀. Ẹ wá wo èyí:

*Mo pàdé obìnrin òkè lórí àtẹ̀gùn. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ bá mi rí bàtà kan lẹ́nu ọ̀nà mi? Mi ò bínú sẹ́nì kankan o, mo kàn ń wá a ni.” Ọgbọ́n àrékérekè wọn nìyẹn, ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti fura. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Bàtà ẹsẹ̀ mi há díẹ̀.*

Fọlákẹ́ kò parọ́ kankan. Ó sọ ohun gbogbo.

Bí ẹ bá ti kọ orí kan tán, ẹ mú pẹ́ńsù. Ẹ fi pupa fa ìlà sábẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá dúró níbẹ̀ yóò rí tàbí gbọ́. Ẹ fi búlúù fa ìlà sábẹ́ ohun tó jẹ́ èrò asọ̀tàn nìkan. Orí tó jẹ́ búlúù látòkè délẹ̀ ń rẹ́ òǹkàwé jẹ. Èyí tó jẹ́ kìkì pupa ti fi asọ̀tàn sílẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: asọ̀tàn á máa bi ara rẹ̀ léèrè lójú ìwé kọ̀ọ̀kan pé, “Àbí ojú mi ló ń ṣe mí ni?” Ẹni tí nǹkan gbà lọ́kàn kì í sábà bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dá a lójú. Ó ní ẹ̀rí, ó ní ọjọ́, ó ní wákàtí, ó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ ju bí ẹni ara rẹ̀ dá ṣe máa tò ó lọ. Ìdánilójú yẹn gan-an ló yẹ kó máa ba òǹkàwé lẹ́rù.

Àyẹ̀wò: nínú orí kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán, ibì kan wà tí pupa àti búlúù kò ti bára mu. Ẹ fi ìka kàn án.

5. Ẹ jẹ́ kó ná an ní nǹkan

Orí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀: oorun, ọ̀rẹ́, iṣẹ́, owó ilé, ọ̀nà tó ń gbà rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ ohun tó sọnù sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà orí náà. Bí orí méjì bá gba ohun kan náà, ẹ pa wọ́n pọ̀.

6. Ẹ fi ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ yí ẹni tó jẹ́ padà

Ẹni tó ń kọ̀wé ní èdè Yorùbá ní irinṣẹ́ kan lọ́wọ́ tí mi ò rí kí ọ̀pọ̀ máa lò. Nígbà tí Fọlákẹ́ ṣì ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin òkè, “wọ́n” ni kí ó máa pè é: wọ́n kí mi, wọ́n ti wọlé. Lọ́jọ́ tí ìfura bá wọlé, kí ó di “ó”, láìsí àlàyé. Òǹkàwé yóò ti gbọ́ bí ọ̀wọ̀ ṣe jáde nílé kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kàn sí “òun”. “Ó ní òun ti ti ilẹ̀kùn” túmọ̀ sí pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló tì í. “Ó ní ó ti ti ilẹ̀kùn” sábà máa ń tọ́ka sí ẹlòmíì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, kí Fọlákẹ́ máa ròyìn ọ̀rọ̀ obìnrin òkè bó ṣe yẹ: ó ní òun gé irun òun kí òun tó kó wá. Nígbà tó bá di ìdá mẹ́ta ìkẹyìn, kí gbólóhùn kan ṣoṣo yọ́ wọlé: ó ní mo gé irun mi kí n tó kó wá. Kò sí àmì ìyanu, kò sí ìpínrọ̀ tuntun. Ọ̀rọ̀ obìnrin kan ti di ìrántí obìnrin kejì.

Ẹ má ṣe é ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ nínú odidi ìwé. Bó bá pọ̀, wọn á rò pé àṣìṣe ìtẹ̀wé ni.

Àyẹ̀wò: ẹ ka ojú ìwé náà sókè ketekete fún ẹnì kan. Bí ó bá ní kí ẹ tún un kà, ó ti ṣiṣẹ́.

7. Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ kí asọ̀tàn tó mọ̀

Ìfojúsọ́nà irú ìtàn yìí kì í ṣe “kí ló ṣẹlẹ̀?” títí dópin. Níbi tí ìwé bá ti rìn dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, ó yẹ kí òǹkàwé tó fara balẹ̀ ti mọ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ìbéèrè tuntun ni yóò máa gbé e: kí ni yóò ṣe nígbà tó bá mọ̀? Ìbéèrè yìí le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nígbà tí òtítọ́ bá wá kàn án, kó wá nípasẹ̀ ohun kékeré tí iṣẹ́ rẹ̀ kò lè jẹ́ kí ó sẹ́. Fọlákẹ́ mọ àwòrán ju ẹnikẹ́ni lọ. Kí oníbàárà kan fi fọ́tò ránṣẹ́ láti tún ṣe, èyí tí wọ́n yà lójú pópó lọ́jọ́ kẹrin oṣù. Òun fúnra rẹ̀ ń kọjá lẹ́yìn, irun rẹ̀ gùn dé èjìká. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń yí àwòrán padà, ó sì rí i pé ẹnikẹ́ni ò yí èyí padà.

Ó lè gbà á. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gé irun náà kúrò nínú fọ́tò, pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀. Gbólóhùn tí ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ kejì ni kó bá yín yan ìkan. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n rí òun tọkàntọkàn kò ní yára ju ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó ní nù, ìyẹn olè tó rò pé ó ń sín òun jẹ, àní bí ẹlẹ́rìí náà bá jẹ́ irọ́.

Ẹ má kó gbogbo àmì inú ìwé jọ síbí láti máa ṣàlàyé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó rí wọn kò nílò rẹ̀. Ẹni tí kò rí wọn yóò padà lọ wá wọn.

8. Ẹ fún òǹkàwé mẹ́ta

Ẹ má bi wọ́n bóyá ó dùn. Ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Níbo lẹ ti kọ́kọ́ fura? Ojú ìwé wo lẹ padà sí? Kí ni Fọlákẹ́ ń wá?

Bí ìdáhùn àkọ́kọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yàtọ̀ síra pátápátá, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹrin, pupa yín kò tó. Bí gbogbo wọn bá fura ní orí kìíní, ẹ dín àmì kù níbẹ̀. Bí kò bá sẹ́ni tó padà sí ojú ìwé kankan, bóyá ẹ ti ṣàlàyé jù ní ìgbésẹ̀ keje. Bí wọn kò bá lè dáhùn ìbéèrè kẹrin, iṣẹ́ ti pọ̀, nítorí ìgbésẹ̀ kejì ló ṣaláìdúró, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ni ẹ máa tún wò.

Bí ẹnì kan bá sì bá àmì kan pàdé tí ẹ kò mọ̀ pé ẹ fi síbẹ̀, ẹ má sáré gbà á. Ẹ ṣí ìwé òtítọ́ kọ́kọ́. Bó bá bá ọjọ́ àti wákàtí ibẹ̀ mu, ẹ fi í sílẹ̀. Bí kò bá bá a mu, ẹ yọ ọ́ kí ìwé tó kúrò lọ́wọ́ yín.